Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìyanṣẹ́lódì: ìdáhùn fún rẹfirí tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rẹfirí bọ́ọ̀lù ni mí ní Abẹ́òkúta, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fọn fèrè. Ìndẹ́mínítì wa, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún wa lórí eré, ti di gbèsè lọ́rùn àwọn tó ń pè wá síṣẹ́. A bẹ̀ wọ́n, a kọ̀wé sí wọn, wọn ò dá wa lóhùn. Ní ìpàdé tó kọjá, alága wa ní kí gbogbo wa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní bí àwọn rẹfirí béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe ṣe é ní 1999 nìyẹn, wọ́n sì borí. Ẹnì kan láàárín wa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún ní irọ́ ni, pé ṣe ni wọ́n lé gbogbo wọn, ẹgbẹ́ wọn sì tú ká. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé náà?”

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Owó tí wọ́n jẹ yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù ni pé bí o kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀, bí o bá sì fọwọ́ sí i, fèrè rẹ lè dákẹ́ títí láé. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́. Èmi náà fọn fèrè fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkejà kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri, mo sì ti rí ojú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá a padà.

Kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ 1999 yẹn, nítorí alága rẹ kò sọ ọ́ délé, ọ̀rẹ́ rẹ náà kò sọ ọ́ délé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn rẹfirí líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ́ńpáyà, ṣèpàdé ní Philadelphia. Wọn ò ju 68 lọ lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde níbẹ̀, wọ́n kéde pé 57 nínú wọn yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gbà pé líìgì kò ní lè parí sáà náà láìsí wọn, pé kí oṣù Kẹjọ tó parí, àwọn aláṣẹ á ti wá dọ̀bálẹ̀. Àwọn aláṣẹ kò wá. Wọ́n mú ọ́ńpáyà 25 láti àwọn líìgì kéékèèké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé àwọn tó kọ̀wé. Kí oṣù Keje tó parí, olúkúlùkù ti ń sáré lọ gba ìwé rẹ̀ padà, àmọ́ nígbà tí 22 nínú wọn fi máa débẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Àwọn 22 yẹn ló pàdánù iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní wọ́n lé gbogbo wọn ṣì í sọ, alága rẹ tó ní wọ́n borí sì jìnnà sí òótọ́ jù ú lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹni púpọ̀ ń ṣì mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1999 kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. Àdéhùn iṣẹ́ tó wà láàárín ẹgbẹ́ wọn àti líìgì kò ní tán títí di òpin ọdún náà, ó sì wà nínú rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ yanṣẹ́ lódì. Olórí ẹgbẹ́ wọn wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ẹ̀yìn òfin yẹn: bí a kò bá lè yanṣẹ́ lódì, ẹ jẹ́ ká fiṣẹ́ sílẹ̀, òfin kankan kò lè ní kí ènìyàn má fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pé àwọn á dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí líìgì á máa wá háyà wọn níbẹ̀. Létí, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó yanṣẹ́ lódì ń sọ pé iṣẹ́ mi ni, n kò ní ṣe é títí ẹ ó fi sanwó. Ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti sọ pé iṣẹ́ kì í ṣe tèmi mọ́. Ìyanṣẹ́lódì, ohun kan ṣoṣo ni, gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ gbé e dání. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ 57 jẹ́ ohun 57, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà lára tirẹ̀, ọ̀gá sì lè jókòó sórí àga rẹ̀ kó máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: èyí á dúró, èyí á lọ. Sandy Alderson, tó ń bójú tó ètò eré fún líìgì nígbà náà, sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé bóyá ìhàlẹ̀ tí kò yẹ ká kà sí ni, tàbí ìfilọ̀ tó yẹ ká gbà. Nígbà tí ọ̀gá bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láìjáyà, ẹ̀yin lẹ ti fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́.

O lè bi mí pé, ṣé òmùgọ̀ ni olórí wọn ni? Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Richie Phillips lorúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ní Philadelphia ni, ó sì ti ń ṣáájú ẹgbẹ́ náà láti 1978. Kó tó dé, owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn ọ́ńpáyà ń gbà, wọ́n sì ń rìnrìn àjò láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin láìsí ìsinmi. Ní oṣù Kẹjọ 1978, wọ́n yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ kan péré, ilé ẹjọ́ sì dá wọn padà. Phillips kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tó di 1979, kò pè é ní ìyanṣẹ́lódì mọ́. Ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún tuntun. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn kò ní àdéhùn tó dà. Líìgì fi àwọn mìíràn dí àlàfo náà, eré ń bàjẹ́, àwọn òṣèré ń kígbe, nígbà tó sì di àárín oṣù Karùn-ún, àwọn aláṣẹ juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n fowó kún owó wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìsinmi láàárín sáà. Ní 1984, wọ́n tún yanṣẹ́ lódì nígbà ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Peter Ueberroth, kọmíṣọ́nà tó jẹ́ olórí líìgì náà, ló parí rẹ̀. Ní 1995, àwọn aláṣẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún oṣù bíi mẹ́rin, wọ́n sì tún padà pẹ̀lú owó tó pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 1999, àwọn àgbà láàárín wọn ń gba ohun tó ju 200,000 dọ́là lọ́dún. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ fún ogún ọdún, ṣé wàá dìde nípàdé kó o ní kó fi ìwé òfin hàn ọ́? Mi ò rò pé èmi náà ì bá ṣe é.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ohun tó ṣiṣẹ́ ní 1979 ṣiṣẹ́ nítorí pé wọn ò tíì fọwọ́ síwèé, ọwọ́ wọn sì mọ́. Ní 1999, ìwé àdéhùn wà nílẹ̀, oṣù márùn-ún àti díẹ̀ péré ló kù kó tán. Bí wọ́n bá ní sùúrù di òpin ọdún, òfin ì bá gbà wọ́n láyè láti yanṣẹ́ lódì lójú gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2000, gbogbo wọn lápapọ̀, kò sì sí ìwé ẹnì kan tí ọ̀gá ì bá gbé yẹ̀ wò. Èmi gbà pé àìnísùúrù yìí ló pa wọ́n ju ìkà àwọn aláṣẹ lọ.

Kì í sì í ṣe pé ẹ̀dùn ọkàn wọn kò tó nǹkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 1996, ní Toronto, òṣèré kan tó ń jẹ́ Roberto Alomar tutọ́ sí ọ́ńpáyà John Hirschbeck lójú, ìyà tí wọ́n sì fi jẹ ẹ́ kò ju eré márùn-ún lọ, tí wọ́n tún sún di sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ́ńpáyà fẹ́ yanṣẹ́ lódì nítorí rẹ̀, ilé ẹjọ́ dí wọn lọ́nà. Ní 1999, wọ́n wá dá ọ́ńpáyà Tom Hallion dúró fún eré mẹ́ta nítorí pé ó fara gbún òṣèré. Fi méjèèjì wéra, wàá mọ ìdí tí inú fi ń bí wọn. Líìgì tún fẹ́ kó ọ́ńpáyà American League àti ti National League, ìyẹn apá méjì tí líìgì náà pín sí, sábẹ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo, ó sì ń tọ́ wọn sọ́nà nípa bí wọ́n ṣe ń pe bọ́ọ̀lù tó dáa àti èyí tí kò dáa. Nítorí náà, nígbà tí alága rẹ bá ń sọ pé ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń bèèrè, òótọ́ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ wọn kò gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ irinṣẹ́ tí wọ́n mú.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà sọ, òun sì ni mo fẹ́ kí o rò jù. Ní 1979, nígbà tí àwọn ọ́ńpáyà padà sẹ́nu iṣẹ́, líìgì dá mẹ́jọ dúró nínú àwọn tó wá dí àlàfo. Àwọn mẹ́jọ yẹn rí màbo. Ẹgbẹ́ kò gbà wọ́n wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í bá wọn jẹun, wọn kì í bá wọn rìn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà míràn wọn kì í bá wọn sọ̀rọ̀ lórí pápá. Dave Pallone wà nínú wọn. Méjì nínú wọn, Derryl Cousins àti John Shulock, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1999. Ogún ọdún! Wọ́n jọ ń dá ẹjọ́ lórí pápá kan náà, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn tí líìgì lọ mú ní 1999 láti àwọn líìgì kéékèèké ti gbọ́ ìtàn yẹn, síbẹ̀ wọ́n wá. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń retí àyè fún ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, nítorí àyè 68 yẹn kì í ṣí bí ẹnì kan kò bá fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ kò tíì ṣe ohunkóhun fún wọn rí, wọn ò sì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè kankan.

Mo rí irú rẹ̀ ní Ìkejà. A yanṣẹ́ lódì fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì rí díẹ̀ gbà. Àwọn kan nínú ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró kò bá wa jáde. Àwọn kan ní ọmọ tó ń ṣàìsàn, àwọn kan bẹ̀rù lásán. Nígbà tí a padà, a kò bá wọn jókòó ní kántíìnì mọ́. Èmi akọ̀wé lẹ́ni tó ń darí rẹ̀. Mo rò pé ẹgbẹ́ ni mò ń gbèjà. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, a tún pe ìyanṣẹ́lódì, gbogbo ẹ̀ka yẹn ni kò dá wa lóhùn, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti jogún ìbínú náà. Ó dùn mí títí dòní, nítorí ọwọ́ mi ló wà nínú rẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ́ńpáyà? Ọ̀rẹ́ rẹ ní ó tú. Ẹgbẹ́ àtijọ́ pàdánù ipò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan, pàápàá láti American League, ti kọ̀ láti bá wọn kọ̀wé tàbí kí wọ́n tètè gba tiwọn padà. John Hirschbeck tí wọ́n tutọ́ sí lójú yẹn gan-an wà nínú àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ náà, Joe Brinkman náà wà níbẹ̀. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n bèèrè ìdìbò, ní oṣù Kọkànlá 1999 sì ni ẹgbẹ́ tuntun borí pẹ̀lú ìbò 57 sí 35. Bí ẹgbẹ́ World Umpires Association ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2000 nìyẹn, Hirschbeck sì di ààrẹ rẹ̀. Phillips tó fi ogún ọdún kọ́ ilé náà jáde kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà jù, ìyẹn kíkó líìgì méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ́fíìsì kan, ṣẹlẹ̀ ní 2000 yẹn náà, ẹgbẹ́ tuntun sì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú líìgì. Ó dá mi lójú pé àwọn tó dìbò yẹn kò kórìíra Phillips. Ó rẹ̀ wọ́n láti máa gbọ́ ìpinnu lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán ni.

Ní ti àwọn 22, ẹjọ́ ló kù fún wọn, ẹjọ́ sì pẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2001, onílàjà Alan Symonette ní kí wọ́n dá mẹ́sàn-án padà. Àwọn 13 yòókù kò rí ìdáláre. Líìgì tún gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2002, márùn-ún nínú àwọn mẹ́sàn-án padà sórí pápá, Joe West wà lára wọn, àwọn mẹ́rin gba owó wọn, wọ́n fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di òpin 2004, wọ́n tún parí ọ̀rọ̀ lórí àwọn kan nínú àwọn tó ṣẹ́ kù: Bob Davidson, Tom Hallion àti Ed Hickox rí ọ̀nà padà, ṣùgbọ́n líìgì kéékèèké ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Àwọn mìíràn gba owó, iṣẹ́ sì tán. Eric Gregg, ọ̀kan nínú àwọn adúláwọ̀ díẹ̀ tó dé ipò yẹn, kò padà sórí pápá mọ́ títí tó fi kú ní 2006. Joe West ní tirẹ̀ padà di ààrẹ ẹgbẹ́ tuntun ní 2009, nígbà tó sì di 2021, òun ni ọ́ńpáyà tó ti dá ẹjọ́ eré jù nínú ìtàn líìgì náà. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń fi West ṣe àpẹẹrẹ pé kò sí ewu. Ẹnì kan nínú 22 ni.

Bí o bá sì rò pé Amẹ́ríkà jìnnà, rántí Ilọrin. Àwọn olùkọ́ 49 tí Yunifásítì Ìlọrin lé ní 2001 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU, 2009 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre. Wọ́n jàre, ó sì tọ́ kí inú wa dùn sí i. Wọn ò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ní ẹsẹ̀ láti dúró lé ní kóòtù. Síbẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tiyín. Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn bí mo bá wà nípò rẹ. Ẹ̀yin kì í gba owó oṣù, eré ni wọ́n ń yàn yín sí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí tilẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀? Orúkọ yín nínú ìwé àwọn rẹfirí nìkan lẹ ní, òun sì ni ìwé yẹn máa pa rẹ́. Ohun tó sún mọ́ ìyanṣẹ́lódì fún irú yín ni kí gbogbo yín jọ kọ eré tí wọ́n bá yàn yín sí láti ọjọ́ kan tí ẹ ti kéde ṣáájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, láìsí ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí náà ní ewu tirẹ̀. Wọ́n lè mú rẹfirí wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì lè fi ìyà jẹ àwọn aṣáájú yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀ bóyá ẹ tó láti fara dà á fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kó àkọsílẹ̀ jọ: eré wo, ọjọ́ wo, ta ló yàn yín, iye tí wọ́n jẹ yín. Gbèsè tó wà lákọsílẹ̀, agbẹjọ́rò lè gbé e. Ó lọ́ra, kò sì dùn mọ́ni bí ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní gba fèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá àwọn ọmọ kékeré tí ẹ ń kọ́ sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí ẹlòmíràn tó pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi fóònù pè lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lọ. Bí ìndẹ́mínítì tiwọn kò bá sí nínú ohun tí ẹ ń bèèrè, mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn tí wọn ò fi ní lọ. Bí díẹ̀ nínú wọn bá sì lọ, tí ọ̀rọ̀ bá parí, ẹ gbà wọ́n padà. Mo ti sọ fún ọ ohun tí mo ṣe ní Ìkejà.

Ní ti alága rẹ, má ṣe lọ bá a jà níwájú èrò. Lọ sílé rẹ̀ lálẹ́, kí o bi í léèrè ìkáwọ́ ta ni àwọn ìwé náà máa wà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gba mẹ́wàá tí wọ́n sì dá ogún padà, ṣé ó sì ti ṣe tán láti jẹ́ kí gbogbo yín dìbò ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan. Bó bá dá ọ lóhùn dáadáa, olórí gidi ni, ẹ dúró tì í. Bó bá bínú nítorí pé o bèèrè, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, mi ò sì tíì rí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín tàbí ìwé tí wọ́n fi ń yàn yín sí eré. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ya fọ́tò wọn àti ti ìwé tí wọ́n fẹ́ kí o fọwọ́ sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, màá sì fi hàn agbẹjọ́rò tó bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìkejà.